Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Iṣẹ́ Ìlera àti Ìtọ́jú Eyín Wò Lábẹ́ Káńsù ní Ilé-Ifẹ̀

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún káńsẹ́lọ̀, fún ọmọ ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, fún ìyálọ́jà, àti fún ẹnikẹ́ni ní Ifẹ̀ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí ó kàn ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ ó fi ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé wé ohun tó wà nílẹ̀, ẹ ó kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì padà wá. Ìpadàwá yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Ohun kejì tí wọ́n máa ń gbàgbé ni eyín. Fọ́ọ̀mù àbẹ̀wò tí kò bá béèrè nípa eyín, iṣẹ́ eyín kò lè yí padà nítorí rẹ̀, nítorí náà a ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Ẹ mọ ẹni tó ni kí ni

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 7 àti nínú àfikún kẹrin, ya iṣẹ́ náà sọ́tọ̀. Ọjà, odò ẹran, ibi ìdalẹ̀sí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, ibi ìsìnkú, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, ti káńsù gan-an nìwọ̀nyí. Àwọn wolé-wolé ló ń rí sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ti ilé ìwòsàn, káńsù àti ìjọba ìpínlẹ̀ ló jọ ń gbé e. Àjọ tó ń bójú tó ìlera alábọ́ọ́dé ní Ọ̀ṣun ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ètò iṣẹ́, nítorí náà bí nọ́ọ̀sì kò bá tó, lẹ́tà sí alága káńsù nìkan kò ní kó yanjú. OAUTHC (ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀), àti ilé ìwòsàn Wesley Guild tó jẹ́ apá rẹ̀ ní Iléṣà, àti ilé ìwòsàn eyín tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo wọn. Káńsù kò lè pàṣẹ fún wọn, ṣùgbọ́n ó lè bá wọn ṣe àdéhùn lórí bí aláìsàn yóò ṣe máa ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ tún wádìí káńsù tí ilé ìwòsàn náà wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú ìlú Ifẹ̀, òpópónà kan ṣoṣo lè ya Àárín Gbùngbùn Ifẹ̀ kúrò lára Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀. Bákan náà ni Iléṣà, tó ní Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn tirẹ̀. Lẹ́tà tó lọ sí káńsù tí kò tọ́ lè sùn síbẹ̀ fún oṣù kan.

Ìwé tí ẹ ó gbà ṣáájú

Ẹ kọ̀wé sí alákòóso ìlera alábọ́ọ́dé káńsù yín. Ẹ béèrè ohun mẹ́rin: orúkọ àti ipò gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà pẹ̀lú rọ́sítà oṣù náà, àkópọ̀ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta tó kọjá, ètò ìnáwó ilé ìwòsàn náà àti bí wọ́n ṣe ná an, àti iye tí káńsù kọ sílẹ̀ fún ìlera nínú ìṣúná ọdún yìí. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀ jù. Òfin yẹn kò ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ tiyín. Láìsí òǹtẹ̀, ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun kò rí lẹ́tà kankan.

Ẹni mẹ́ta tó. Kí obìnrin wà nínú wọn nítorí yàrá ìgbẹ̀bí. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, bírò, tọ́ọ̀ṣì àti tẹmọ́mítà kékeré tí ẹ lè fi sínú fìríìjì. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, lẹ́ẹ̀kan ní aago 8 alẹ́ tàbí ní ọjọ́ Sọ́ńdè, nítorí ọmọ kì í dúró de ọjọ́ Mọ́ńdè kí ó tó wá sáyé. Rọ́sítà tí wọ́n fún yín ló máa sọ ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí ẹ bá débẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú" ni kí ẹ fi ṣáájú. Ẹ béèrè mátírọ́ọ̀nù tàbí ẹni tó di ipò rẹ̀ mú, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ má bá a wí níwájú aláìsàn. Nọ́ọ̀sì tí kò ní oògùn kọ́ ló jí oògùn. Lọ́pọ̀ ìgbà òun ni aráàlú ń bú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ má ya àwòrán aláìsàn, ẹ má sì ṣí ìwé àyẹ̀wò HIV ẹnikẹ́ni.

Fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C. Bébà kan yẹ kó wà lára fìríìjì tí wọ́n ń kọ ìtutù rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú. Ẹ sún mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ 4, 4, 4 láti ọjọ́ kìíní dé ọgbọ̀n ọjọ́, pẹ̀lú bírò kan náà àti ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, ẹnì kan ló jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kọ ọ́. Fìríìjì gidi a máa lọ sókè, a máa wálẹ̀: 3, 5, 4, 6, pàápàá lásìkò òjò tí sólà kò rí oòrùn tó. Bí ẹ bá sì rí i ní aago 10 òwúrọ̀ pé wọ́n ti kọ ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ kò nílò ẹ̀rí mìíràn. Ẹ fi tẹmọ́mítà yín sáàárín àwọn ìgò, ẹ pa ilẹ̀kùn dé fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó kà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìgò kan síta. Àmì róbótó kan wà lára rẹ̀, pẹ̀lú igun mẹ́rin kékeré láàárín. Bí àárín bá ṣì funfun ju róbótó tó yí i ká lọ, ó dára. Bí àwọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba, tàbí tí àárín ti dúdú jù, ooru ti bà á jẹ́, kí wọ́n má fún ọmọ kankan. Ṣùgbọ́n àmì yìí kò lè sọ bóyá abẹ́rẹ́ ti di yìnyín rí, yìnyín sì ń ba penta (abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún), abẹ́rẹ́ hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀), HPV (èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ) àti abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì jẹ́ pátápátá. Ohun tó sábà ń fà á ni pé wọ́n kó ìgò ti yìnyín líle tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú firísà, nínú àpótí tí wọ́n ń gbé lọ sí abúlé. Kí yìnyín náà kọ́kọ́ yọ́ díẹ̀, títí omi inú ike rẹ̀ yóò fi máa mì bí a bá mì í. Bí ẹ bá rí omi mímu tàbí ọbẹ̀ nínú fìríìjì yìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí i nítorí oúnjẹ ni ooru ń wọlé.

Ẹ wá ṣí rẹ́jísítà àjẹsára. Ẹ ka iye ọmọ tó gba penta kìíní ní ọ̀sẹ̀ 6 àti iye tó gba ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ 14. Ká ní 48 gba ti kìíní, 36 gba ẹ̀kẹta. Àwọn 12 ti já bọ́, ìyẹn 25 nínú 100. Bí ó bá ti kọjá 10 nínú 100, nǹkan ń lé àwọn ìyá sẹ́yìn, kí ẹ sì bi àwọn ìyá fúnra wọn léèrè. Ó lè jẹ́ owó tí wọ́n ń gbà lórí káàdì tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó lè jẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ó lè jẹ́ wákàtí mẹ́rin tí wọ́n fi ń jókòó de ẹni tí kò tètè dé.

Ẹ wo ìwọ̀n ọmọdé náà, kí ẹ wò bóyá wọ́n ń fa ìlà sórí káàdì ìdàgbàsókè. Agbègbè wa yìí, láàárín Wesley Guild ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ lórí irú káàdì yìí ní àwọn ọdún 1950, kí ó tó tàn ká ayé. Ó yẹ kó dùn wá bí káàdì náà bá wà lófìfo ní ilé tí ó ti jáde.

Oògùn

Ẹ má béèrè bóyá oògùn wà. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni wọn óò wí. Ẹ yan márùn-ún, kí ẹ kà wọ́n fúnra yín: oògùn ibà ACT, ike àyẹ̀wò ibà, amoxicillin ọmọdé tó ń yòrò nínú omi, ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru) pẹ̀lú síǹkì, àti abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ. Oxytocin gbọ́dọ̀ wà nínú fìríìjì. Èyí tí ẹ bá bá lórí tábìlì nínú ooru lè má dá ẹ̀jẹ̀ kankan dúró mọ́. Bí káàdì bá sọ pé 120 ló kù, tí ẹ sì ka 84, ẹ béèrè rẹ́jísítà tí 36 yẹn bá jáde. Ẹ tún fi àyẹ̀wò wé ìtọ́jú. Bí ènìyàn 40 péré ni àyẹ̀wò sọ pé ó ní ibà láàárín oṣù kan, tí ACT 110 sì ti tán, ó lè jẹ́ pé wọ́n ń fún ènìyàn lóògùn láìṣe àyẹ̀wò, ó sì lè jẹ́ pé oògùn ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Kí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ kọjá wà níwájú.

Nínú yàrá ìgbẹ̀bí, ẹ ní kí wọ́n mú báàgì tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ tuntun lẹ́nu wá. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rọ̀ láìtì yín lọ́wọ́, ó ti ya. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi fúnra yín. Ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní ti omi ìpakòkòrò, Jik tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ife kan sí ife omi mẹ́fà ló ń fún wa ní 0.5%, kí wọ́n sì máa po tuntun lójoojúmọ́. Kí páálí abẹ́rẹ́ má kún ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, kí kòtò tí wọ́n ń jó o sí sì ní ọgbà tí ọmọdé kò lè wọ̀.

Eyín

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé púpọ̀ ni kò ní àga eyín, ẹ má sì ka ìyẹn sí ẹ̀bi wọn. Ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n máa la ẹnu aboyún àti ọmọdé wò, kí wọ́n mọ àmì ewu, kí wọ́n sì ní ìwé tí wọ́n fi ń darí aláìsàn lọ sí ibi pàtó.

Ẹ bi nọ́ọ̀sì pé: "Bí ẹnì kan bá wá, tí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún, tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú dé ọrùn, tí kò lè la ẹnu dáadáa, tí kò sì lè gbé itọ́ mì, kí lẹ ó ṣe?" Èsì tó tọ́ ni pé kí wọ́n gbé e lọ sí OAUTHC lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ òru. Ọyún láti ìdí eyín ìsàlẹ̀ lè gba abẹ́ ahọ́n wọ ọrùn, kí ó sì dí ọ̀nà èémí. Bí èsì bá jẹ́ "A ó fún un ní paracetamol, kí ó padà wá lọ́la," ẹ ti rí ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó kọ sínú ìròyìn yín.

Ẹ béèrè nípa ọmọdé tí oúnjẹ kò tó lára rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èéyi, tí erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn gan-an, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó lè jẹ́ noma, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kún àwọn àrùn tí ayé pa tì ní oṣù Kejìlá 2023. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ lu. Bí a bá tètè rí i, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, fífọ ẹnu àti oúnjẹ gidi lè dá a dúró.

Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń dá ìyá ọmọ lóhùn nígbà tó bá ní ìgbẹ́ ọmọ òun kò dúró. Bí wọ́n bá sọ pé "eyín ló ń hù," tí wọ́n sì dá a padà, ewu ńlá nìyẹn. Eyín tó ń hù kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. ORS àti síǹkì ni ọmọ náà nílò. Kí wọ́n sì má fún un ní oògùn eyín ọmọdé kankan. Ní 2008, oògùn eyín ọmọ kan tí èròjà olóró wọ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà.

Bí ilé ìwòsàn náà bá ní yàrá eyín, ẹ gba orúkọ ẹni tó ń fa eyín. Dókítà eyín gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ọdọọdún láti ọ̀dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria; àwọn dental therapist (òṣìṣẹ́ eyín tí kì í ṣe dókítà) ní àjọ ìforúkọsílẹ̀ tiwọn. Ẹ wo ọdún tó wà lórí ìwé náà, kì í ṣe férémù rẹ̀.

Ibi tí ìṣirò ti dùn jù lọ ni ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Ẹ ka iye ìdì irinṣẹ́ ìfayín tí wọ́n ní. Ẹ ka iye ènìyàn tí wọ́n fayín fún lọ́jọ́ tó kọjá nínú rẹ́jísítà. Ká ní ìdì mẹ́ta ni wọ́n ní, wọ́n sì fayín fún ènìyàn mẹ́sàn-án. Bí gbogbo ìdì bá tilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti se wọ́n lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ẹni kẹsàn-án tó jókòó. Ẹ wá wo ìwé àkọsílẹ̀ autoclave, ìkòkò tí wọ́n fi ooru rẹ̀ ń pa kòkòrò àrùn lára irinṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tan ìkòkò náà lọ́jọ́ yẹn, irinṣẹ́ tó wọ ẹnu ẹnì kan ti wọ ẹnu ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí hepatitis B àti HIV ń gbà nìyẹn. Sísè nínú omi híhó kò tó. Ní 121°C, irinṣẹ́ tí a kò wé nílò ìṣẹ́jú 20, èyí tí a wé nílò 30, ìgbà tí ooru bá dé 121 ni a sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ìgbà tí a tanná. Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ ni kí wọ́n kó irinṣẹ́ há ìkòkò, tàbí kí wọ́n pa ẹnu ẹ̀mú dé, tí ooru kò fi ní ráyè wọ ibi ìsopọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n là á.

Irú ìṣirò kan náà ni ti abẹ́rẹ́ tó ń mú ìdí eyín kú kí ìfayín má bàa dun aláìsàn. Ìgò kékeré kan àti abẹ́rẹ́ tuntun kan fún ẹnì kan, ó kéré tán. Bí wọ́n bá fayín fún ènìyàn 30 lóṣù, tí ìgò 18 péré sì jáde ní ilé oògùn, yálà wọ́n ń pín ìgò kan fún ènìyàn méjì, tàbí wọ́n ń fa eyín ènìyàn láìfún un ní abẹ́rẹ́ náà. Èyí ò dára, tọ̀hún ò dára.

Ti aboyún náà ń fẹ́ àkíyèsí. Erìgì rẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀ nítorí oyún, èyí kò sì yẹ kó mú un ṣíwọ́ fífọ ẹnu. Bí eyín rẹ̀ bá jẹrà, a lè tọ́jú rẹ̀, oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló sì rọrùn jù. Kí ẹnikẹ́ni má lé e padà pé kí ó bímọ tán ná.

Níta ilé ìwòsàn, ẹ mú wolé-wolé lọ sí ọjà àti gáréèjì. Àwọn kan wà tó ń fi ẹ̀mú fayín lórí àga onígi, tó sì ń lẹ eyín àtọwọ́dá mọ́ eyín gidi débi tí aláìsàn kò lè bọ́ ọ láti fọ̀ ọ́. Oúnjẹ á rà sábẹ́ rẹ̀, eyín tó kù á bá a lọ. Wolé-wolé lè dá ibi tó dọ̀tí dúró. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, ọ̀dọ̀ àwọn àjọ tí a dárúkọ lókè ni kí ẹ kọ̀wé sí. Kí ẹ sì sọ ọ́ lórí rédíò àti ní ìpàdé àdúgbò pé omi bátìrì kì í ṣe oògùn kòkòrò eyín. Ó ń jó erìgì, ó ń jó ahọ́n, ihò eyín yóò sì ṣì wà níbẹ̀.

Ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ eyín kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti igi ìtẹ̀họ́n tó mọ́ lè wo ẹnu ọmọ 30 ní òwúrọ̀ kan. Kí wọ́n kọ iye tó ní ihò àti iye tó ní ìrora, kí ìwé ìdarí sì dé ọwọ́ òbí. Ẹ sọ fún àwọn olùkọ́ pé kí ọ̀ṣẹ ìfọyín jẹ́ èyí tí wọ́n kọ fluoride (èròjà tó ń mú eyín le) sí lára, láàárín 1000 sí 1500 ppm: ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré kan fún ọlọ́dún 3 sí 6. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ìkejì sì jẹ́ kí wọ́n tó sùn. Pákò dára bí a bá rún ẹnu rẹ̀ títí ó fi rọ̀, tí a sì fi dé ẹ̀yìn eyín, ṣùgbọ́n kò ní fluoride bíi ti ọ̀ṣẹ.

Owó

Òfin Ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Lára owó yìí ló ń dé àkáǹtì àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà nínú ètò náà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù yẹ kó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ètò bí wọn óò ṣe ná an. Ẹ béèrè ọjọ́ tí owó wọlé, iye rẹ̀, àti rìsíìtì. Bí rìsíìtì bá ní wọ́n ra báàtìrì sólà méjì, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ wò ó, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní ti owó káńsù fúnra rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kó máa lọ tààrà sí káńsù tí aráàlú dìbò yàn. Ẹ wo ìṣúná náà láti òkè délẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà "eyín" wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, káńsẹ́lọ̀ yín ló yẹ kó béèrè ìdí rẹ̀ ní ìjókòó ilé.

Ìròyìn àti ìpadàwá

Ojú ìwé kan péré. Ẹ kọ ohun tí ẹ kà, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ kà á, láìfi èébú kankan sí i. "Káàdì sọ 120, a ka 84" lágbára ju "ìwà jẹgúdújẹrá ti gbòde" lọ. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta péré, kí ẹ kọ ipò ẹni tó yẹ kó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó yẹ kó parí. Ìbéèrè mẹ́rìnlá, àkàpatì ni wọn óò kà á. Kí ọ̀kan nínú mẹ́ta náà jẹ́ ti eyín, kódà bó jẹ́ ìwé ìdarí lásán ni. Ẹ fún mátírọ́ọ̀nù ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ kí ó kà á kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, nítorí ó lè ní àlàyé tó máa yí ohun tí ẹ kọ padà. Lẹ́yìn rẹ̀, alákòóso ìlera, káńsẹ́lọ̀ tó ń bójú tó ìlera, alága, àti àjọ ìlera alábọ́ọ́dé ní Òṣogbo. Òǹtẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀dà.

Kí ẹ tó kúrò ní ọgbà náà, ẹ fi bírò kọ ọjọ́ ìpadàwá sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, ọ̀sẹ̀ 12 sí i, níwájú mátírọ́ọ̀nù. Lọ́jọ́ yẹn, ìwé kan náà ni kí ẹ gbé wá. Fìríìjì kan náà, oògùn márùn-ún kan náà, ìdì irinṣẹ́ kan náà ni kí ẹ kà, kí ẹ sì kọ iye tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti tẹ́lẹ̀.